Àwọn Ìgò Ẹ̀yìn Agolo Ìyẹ̀fun

Láàárọ̀ ọjọ́ tó kan ilé Mulvihill láti gba Máàsì tí Fádà ń ṣe nílé àwọn ará abúlé lọ́kọ̀ọ̀kan, Attracta jókòó nídìí tábìlì ilé ìdáná, ó ń gé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tó ti sè sílẹ̀ láti àná. Fidelma, ọmọ rẹ̀ obìnrin, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Láti ìgbà tó ti gbọ́njú, kò rí i rí kí ìyá rẹ̀ jókòó ṣiṣẹ́ nínú ilé ìdáná. Ìdúró ni obìnrin yìí fi ń ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, ìdúró náà ló sì fi ń jẹun, bí ẹṣin.

Ojú rẹ̀ funfun bí àbẹ́là. Lórí funfun yẹn, àwọn àmì pupa tó ti wà ní ètè, imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ wá hàn gbangba, bí ẹni pé ẹnì kan ti ṣóńṣó abẹ́rẹ́ bọ inú tàdáwà pupa, tó sì fi kàn án lójú níbi tó wù ú.

Fidelma kò tíì lè gbé ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí nínú ilé ìyàgbẹ́ kúrò lọ́kàn. Ó dúdú bí ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì, ó lẹ̀ mọ́ àwo ìyàgbẹ́, òórùn rẹ̀ kò sì jọ ti ìgbẹ́ èèyàn.

"Mọ́mì, láti ìgbà wo ni ìgbẹ́ yín ti ń dúdú báyìí?"

"Oògùn ẹ̀jẹ̀ ni. Dókítà ní bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Bá mi na aṣọ tábìlì yẹn, ó ti ká létí."

"Mọ́mì, ẹ wo ọwọ́ yín. Ọ̀bẹ ń gbọ̀n lọ́wọ́ yín."

"Jẹ́ kó máa gbọ̀n. Ẹran ń gé."

Ó ti lé lọ́dún kan tí Attracta ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀. Dókítà abúlé ní ọjọ́ orí ló ń ṣe é, lọ́jọ́ kejì ó ní kò jẹun dáadáa ni, lọ́jọ́ kẹta ó kọ oògùn kan náà fún un láì gbójú sókè. Fidelma ní òun ń gbé e lọ sí ọsibítù báyìí, kí ó wọ bàtà. Ibẹ̀ ni Malachy, bàbá rẹ̀, bá wọlé, ọ̀dà funfun tó fi kun ẹnu ọ̀nà ṣì wà ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ó bi Fidelma bóyá Dublin tó lọ ń gbé ti mú un gbàgbé irú ilé tó ti wá. Gbogbo ilé tó wà ní abúlé Kilvarna ló ti gba Máàsì tiwọn, ó wá kan tiwọn. Wọ́n ti kun ilé, wọ́n ti yá àga, Fádà ti wà lọ́nà. Ẹni tí Máàsì kàn tó wá ti ilẹ̀kùn, ọmọ ọmọ rẹ̀ ni yóò máa gbọ́ ọ.

"Dádì, ara rẹ̀ ò yá."

"Èmi náà lójú. Ṣé mi ò mọ̀ pé ara rẹ̀ ò yá? Tí Máàsì bá parí, kẹ́ ẹ máa lọ."

Fidelma yíjú sí ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń to ẹran sínú àwo, ó ń fi èyí tó rẹwà bo èyí tó fọ́.

"Tí wọ́n bá ti mu tíì tán," Attracta wí. "A kì í lé Fádà lẹ́nu ọ̀nà, Fidelma."

Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Fidelma na aṣọ tábìlì. Ẹ̀bùn ìgbéyàwó ìyá rẹ̀ ni aṣọ náà, funfun báláú, tí wọ́n lọ̀ débi pé ó le gbandi.

Concepta Tighe ló kọ́kọ́ dé, aládùúgbò tí ògiri kan là wọ́n láàrin, tó sì ti jẹ́ ọ̀rẹ́ Attracta láti ilé ẹ̀kọ́. Ó gbé àga méjì dání àti páì ápù tó fi aṣọ bò.

"Wò ó bó ṣe rù," ó wí nígbà tó rí Fidelma. "Ṣé wọn kì í jẹun ní Dublin ni, àbí owó ilé ló ń bá yín jẹ oúnjẹ?"

Fidelma rẹ́rìn-ín. Èèyàn ò lè ṣe kó má rẹ́rìn-ín fún Concepta. Fidelma bá ìyá rẹ̀ wọ aṣọ Sunday, ìgbà yẹn ló ṣàkíyèsí pé báàjì kékeré tó máa ń wà láyà aṣọ náà kò sí níbẹ̀ mọ́, báàjì ẹgbẹ́ àwọn tó ti búra níwájú Ọlọ́run pé àwọn kò ní fẹnu kan ọtí títí ikú. Ihò abẹ́rẹ́ rẹ̀ nìkan ló kù lára aṣọ.

"Báàjì yín dà?"

"Mo bọ́ ọ."

"Ẹ bọ́ ọ? Kí ló dé?"

"Níbo lẹ ń kó ṣíbí tíì sí?" Concepta bi wọ́n látinú ilé ìdáná. Ohùn rẹ̀ ga ju bó ṣe yẹ lọ. "Attracta, ṣíbí tíì dà? Ọkọ̀ Fádà ni mò ń gbọ́ yẹn."

Àwọn ará abúlé kún pàlọ̀ bámúbámú, àwọn ọkùnrin wà lẹ́bàá ògiri tí fìlà wọn wà lọ́wọ́, àwọn obìnrin wà lórí àga, gbogbo wọn ń fojú wọn ọ̀dà tuntun, wọ́n ń wo ibi tó ti ṣẹ́kù. Fádà Duignan gbọ́ ìjẹ́wọ́ àwọn tó fẹ́ jẹ́wọ́ nínú yàrá ẹ̀yìn. Attracta wọlé lọ, ó pẹ́ níbẹ̀ ju gbogbo wọn lọ. Àwọn kan wojú ara wọn. Kí ni Attracta Mulvihill fẹ́ rí jẹ́wọ́ tó máa gbà á tó yẹn?

Máàsì dé ibi tí gbogbo wọn ti kúnlẹ̀. Fidelma wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó ń gbọ́ èémí rẹ̀, kúkúrú kúkúrú, bí ẹni tó ń gun òkè. Nígbà tí Fádà gbé ago sókè, Attracta fi ọwọ́ di tábìlì tí wọ́n fi ṣe pẹpẹ mú kí ó lè dìde. Kò dìde. Ó la ẹnu, ẹ̀jẹ̀ sì tú jáde, ó dúdú, ó dì bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí, ó sì bo aṣọ funfun náà títí dé ìdí àbẹ́là. Ó fẹ́ fi ọwọ́ kó o. Ohun tó ń sọ ni pé, "Ẹ má bínú, Fádà, ẹ má bínú," títí tó fi ṣubú lé Fidelma láyà.

Aṣọ ìnura ni wọ́n ń pariwo. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná, ó fa agolo ìyẹ̀fun kúrò lọ́nà kí ọwọ́ rẹ̀ lè dé ibi tí àkísà wà, àwọn ìgò sì yí jáde lẹ́yìn rẹ̀. Òfìfo ni wọ́n, ìgò ọtí dúdú, èyí tó máa ń hó funfun lórí. Wọ́n ń yí lọ lórí sìmẹ́ǹtì, ọ̀kan ń kọ lu èkejì, títí èyí tó kẹ́yìn fi dúró lẹ́sẹ̀ Malachy.

"Ẹni bíni là á jọ," ẹnì kan wí lẹ́yìn, kò sì wí i kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tó. "Bí bàbá rẹ̀ ṣe lọ nìyẹn."

Concepta Tighe tẹ̀ba, ó ń ṣa ìgò, kò wo ẹnikẹ́ni. Malachy wo ìgò tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó wo ìyàwó rẹ̀ nílẹ̀.

"Lábẹ́ òrùlé mi," ó wí. "Lójú Fádà."

Ì bá sàn kó pariwo.

Wọ́n pe àńbúláǹsì, wọ́n ní ó wà ní ìpẹ̀kun àgbègbè, kí wọ́n mú sùúrù. Ọsibítù kan wà tó sún mọ́ Kilvarna tẹ́lẹ̀, ìjọba ti ti ilẹ̀kùn pàjáwìrì rẹ̀ pa, wọ́n ní ti ìlú ńlá ló dáa jù. Ó lè dáa jù lóòótọ́, fún ẹni tó bá débẹ̀ láàyè. Fidelma kò mú sùúrù. Ó fi ọkọ̀ ara rẹ̀ gbé ìyá rẹ̀, bàbá rẹ̀ jókòó síwájú, ó di fìlà mú lórí orúnkún bí ẹni tó ń lọ síbi òkú. Lẹ́yìn, Attracta fi orí ti fèrèsé, ó gbé báàkẹ́ẹ̀tì lé itan. Koríko ti ga lẹ́bàá ọ̀nà, òdòdó funfun bo gbogbo ọgbà ẹlẹ́gùn-ún, Fidelma sì ń rò ó bí oṣù karùn-ún ṣe lè rẹwà tó báyìí kí ó má sì bìkítà.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù ni wọ́n gbé wọn sí. Bẹ́ẹ̀dì onítáyà tò láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ibi tí wọ́n ti ń ra kọfí, aláìsàn wà lórí gbogbo wọn. Baba àgbàlagbà kan sùn sábẹ́ pátákó tó ní kí wọ́n fọwọ́ wọn, àwo ọ̀dùnkún tútù wà láyà rẹ̀, kò sẹ́ni tó bá a gbé e. Obìnrin kan ń bẹ nọ́ọ̀sì pé òun fẹ́ tọ̀. Nọ́ọ̀sì ń sáré, ojú tirẹ̀ náà pupa, ó ní òun ń bọ̀. Gbogbo wọn ló ń sọ pé àwọn ń bọ̀. Lọ́dọọdún ni ìjọba ń ní àwọn ti gbọ́, lọ́dọọdún ni bẹ́ẹ̀dì ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń pọ̀ sí i, àwọn èèyàn sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kú láì dí ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Dókítà tó wá ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó bi Attracta ní ohun tó ṣẹlẹ̀, ó tẹ inú rẹ̀, ó wo imú pupa rẹ̀ àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà bí ẹni tó ti rí ìdáhùn kó tó béèrè.

"Ìyá, báwo lẹ ṣe ń mutí tó?"

"Ìyá mi kì í mutí," Fidelma wí. "Láti ọmọdé ló ti búra, ẹ lè bi ẹnikẹ́ni ní..."

"Ìgò kan," Attracta wí. "Lálaalẹ́. Láti Kérésì."

Fidelma yíjú wo ìyá rẹ̀. Dókítà náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò burú, ìyẹn ló sì burú jù níbẹ̀.

"Ìgò kan ni gbogbo wọn máa ń pè é," ó wí fún Fidelma. Ó ní ọtí ló bó inú rẹ̀. Wọ́n á fa omi sí i lára, wọ́n á máa wò ó. Fidelma bi í nípa kámẹ́rà tí wọ́n máa ń fi wo inú. Ó ní àwọn tó nílò rẹ̀ jù ú lọ ń dúró, bóyá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kó tó lọ, ó fún wọn ní ìwé pélébé kan nípa àwọn ẹgbẹ́ tó ń ran ọ̀mùtí lọ́wọ́. Malachy ló gbà á. Ó ká a sínú fìlà rẹ̀.

Ọ̀sán yí. Fóònù Fidelma ń dún lápò rẹ̀, ará Kilvarna ni gbogbo wọn. Ọ̀kan kọ ọ́ pé àwọn ń gbàdúrà fún Attracta. Òmíràn kọ ọ́ pé ọjọ́ pẹ́ táwọn ti ń fura, àwọn ò kàn fẹ́ sọ̀rọ̀ ni. Ẹnu àwọn tí kò fẹ́ sọ̀rọ̀ yìí gùn tó gbogbo ọ̀nà tó ti Kilvarna wá.

"Mọ́mì, ta ló ra ọtí yẹn fún yín?"

Attracta pa ojú dé.

"Ẹ ò lè wọ ṣọ́ọ̀bù ra ọtí ní Kilvarna kí n má gbọ́ ọ ní Dublin. Ta ló rà á?"

"Èmi ló mu ún. Kò sẹ́ni tó là mí lẹ́nu."

"Kí lẹ wá mu ún fún?"

"Nítorí ẹ̀jẹ̀," ìyá rẹ̀ wí, bí ẹni tó ń ṣàlàyé fún ọmọ kékeré. "Oògùn yẹn ò ṣiṣẹ́. Ọtí dúdú ní irin tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i nínú, wọ́n máa ń fún abiyamọ nígbà ayé tiwa, wọ́n máa ń fún ẹni tó bá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Àtẹ̀gùn ni mo fẹ́ gùn, Fidelma. Ilé ni mo fẹ́ kùn. Mo bọ́ báàjì náà, torí mi ò fẹ́ wọ irọ́ láyà."

"Ó sàn kó o purọ́," Malachy wí lójijì láti ibi tó dúró sí. "Ó sàn kó o máa wọ̀ ọ́. Orúkọ wo la fẹ́ máa jẹ́ báyìí?"

"Dádì, ṣé orúkọ ló ń pọ ẹ̀jẹ̀ ni?" Fidelma dìde. "Ẹ wo ìyàwó yín! Ẹ ò tíì fọwọ́ kàn án láti àárọ̀!"

Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ wò wọ́n. Ìbínú ru sókè lórí Fidelma, ẹ̀jẹ̀ sì tú jáde ní imú rẹ̀. Kì í ṣe tuntun. Ó ti ń ṣe é láti kékeré, ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fún un mọ́ra tí wọ́n á doríkodò. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kò dúró, ó kán sí ọrùn aṣọ rẹ̀, ó kán sílẹ̀.

Obìnrin kan tó ń kọjá lọ dúró. Ó fi ìborùn bo irun, ó wọ aṣọ dókítà àgbà, ọwọ́ rẹ̀ kún fún ìwé. Nahla Osman lorúkọ tó wà láyà rẹ̀, Khartoum ló sì ti wá. Ó na aṣọ ìnuwọ́ sí Fidelma, ó fẹ́ máa lọ, ó sì tún dúró. Ètè Fidelma ló ń wò, níbi tí àmì pupa kékeré kan wà, bíi ti ìyá rẹ̀. Ó wo ìyá tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ahọ́n."

Attracta yọ ahọ́n bí ọmọ ilé ìwé. Àmì pupa wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Dókítà Nahla gbé ọwọ́ rẹ̀, ó ń wo orí ìka kọ̀ọ̀kan, ó fi èékánná tẹ ọ̀kan nínú àwọn àmì náà, ó funfun, ó tún pupa padà.

"Ta ló máa ń ṣẹ̀jẹ̀ ní imú nílé yín?"

"Èmi," Attracta wí. "Òun. Bàbá mi, láràárọ̀, kó tó fún wàrà màlúù."

"Kí ló pa bàbá yín?"

Malachy wo ilẹ̀.

"Ọtí," Attracta wí. "Ó pọ ẹ̀jẹ̀ nínú ilé màlúù. Ojú rẹ̀ pupa ju tèmi lọ. Ọjọ́ tá a sin ín ni mo gba báàjì, torí ìtìjú rẹ̀."

"Ṣé ẹ rí i kó mutí rí?"

Ìbéèrè náà rọrùn. Ọmọdé lè dáhùn rẹ̀. Ojú Attracta lọ jìnnà, ó lọ sínú ilé kan tí Fidelma kò dé rí, ó ń ṣí ilẹ̀kùn ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wo ẹ̀yìn wọn.

"Rárá," ó wí nígbẹ̀yìn. "Mi ò rí i rí. Àwọn èèyàn ló sọ ọ́."

Dókítà Nahla ṣàlàyé rẹ̀ wọ́ọ́rọ́. Nínú àwọn ìdílé kan, wọ́n ń bí àwọn ọmọ kan pẹ̀lú iṣan ẹ̀jẹ̀ tínrín tí awọ rẹ̀ kò nípọn. Èyí tó bá wà ní imú á máa ṣẹ̀jẹ̀, èyí tó bá wà ní ètè á hàn bí àmì pupa, èyí tó bá wà nínú ikùn, ojú kò rí i, á máa jò díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí á fi tú lọ́jọ́ kan. Kì í ṣe ọtí. Kì í ṣe ọjọ́ orí. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ń bu omi sínú apẹ̀rẹ̀ ni. Ó yíjú sí nọ́ọ̀sì, ó ní kí wọ́n wá ẹ̀jẹ̀ fún un báyìí, kí wọ́n sì gbé e lọ síbi kámẹ́rà lónìí. Nọ́ọ̀sì ní kò sáyè. Dókítà ní kí wọ́n wá a.

Òòrùn ti ń lọ sí apá ìwọ̀ oòrùn nígbà tí wọ́n gbé e jáde. Wọ́n ti rọra ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà gba ọ̀fun rẹ̀ lọ sínú ikùn, wọ́n rí àwọn iṣan náà tí wọ́n ń ṣẹ̀jẹ̀, wọ́n sì fi afẹ́fẹ́ tí iná mànàmáná ń gbà kọjá jó wọn pa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ń kán sí i lápá. Dókítà Nahla ní ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ ti dúró, ṣùgbọ́n iṣan mìíràn á hù, á máa padà wá, wọ́n á máa fa irin sí i níṣan dípò oògùn ẹnu. Ó ní kí Fidelma náà wá kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

"Tí wọ́n bá ti yẹ ìyá mi wò dáadáa lọ́dún tó kọjá ńkọ́?" Fidelma bi í.

Dókítà náà to ìwé ọwọ́ rẹ̀ kó tẹ́ dáadáa. Dókítà ọ̀dọ́mọkùnrin àárọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, ó ń ka nǹkan lórí fóònù rẹ̀.

Oògùn oorun ṣì wà lójú Attracta. Malachy jókòó tì í, ó ti mú ọwọ́ rẹ̀ dání wàyí, ó mú un bí ẹni tó mú ẹyin.

"Sọ fún Concepta," Attracta wí, ojú rẹ̀ pa dé, "kó má wulẹ̀ ra òmíràn mọ́."

Malachy gbójú sókè wo Fidelma. Fidelma wo bàbá rẹ̀.

Nígbà tí Fidelma àti Malachy padà dé Kilvarna, ilẹ̀ ṣì mọ́ gedegbe, torí lóṣù karùn-ún ilẹ̀ kì í tètè ṣú níbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà funfun tuntun ń dán. Wọ́n ti to àga, wọ́n ti fọ ilẹ̀, aṣọ tábìlì wà nínú omi iyọ̀ nínú báàkẹ́ẹ̀tì. Lójú fèrèsé tó kọjú sí títì, ẹnì kan ti fọ àwọn ìgò náà mọ́ tónítóní, ó sì tò wọ́n lọ́wọ̀ọ̀wọ́, òòrùn ń gba inú wọn kọjá. Kò sẹ́ni tó máa gba títì kọjá tí kò ní rí wọn.

Concepta ń nu àwo nídìí omi. Ó nu ọwọ́, ó wá dì mọ́ Fidelma, ó bi í bóyá ẹ̀mí ń bẹ. Fidelma ní ẹ̀mí ń bẹ. Concepta dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì dúpẹ́ tọkàntọkàn, omi wà lójú rẹ̀.

"Mo ti sọ fún gbogbo wọn pé kí wọ́n má ṣèdájọ́," ó wí. "Àìsàn ni, mo ní, àìsàn bí àìsàn mìíràn ni. Tó bá ti jáwọ́, kò sẹ́ni tó máa rántí."

"Kí lẹ sọ fún wọn nípa ẹni tó ra ọtí náà?"

Àwo kan ṣì wà lọ́wọ́ Concepta. Ó rọra gbé e sílẹ̀. Ó wo Malachy, Malachy ń wò ó. Ó wo Fidelma, ojú rẹ̀ sì dúró lórí ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ lọ́rùn aṣọ rẹ̀, ó gun ètè rẹ̀ lọ, ó dúró síbẹ̀.

"Ire ni mo rò," ó wí. "Ìyá mi mu ún nígbà tó bí wa. Ìgò kan lóòjọ́, mo ní, kó lè rí okun. Mo rà á níbòmíràn kí wọ́n má bàa sọ̀rọ̀ rẹ̀."

"Mo mọ̀ pé ire lẹ rò."

"Nígbà tí wọ́n yí jáde yẹn, Fidelma, níwájú Fádà, níwájú gbogbo èèyàn... kí ni mo fẹ́ sọ?"

Fidelma mú àpò kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń kó ìgò sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti ojú fèrèsé, kò kánjú. Nígbà tó tán, ó gbé e fún un. Concepta gbà á, torí ó ti mọ́ ọn lára láti máa gba ohun tí wọ́n bá gbé fún un nínú ilé yẹn. Àwọn ìgò náà sọ̀rọ̀ nínú àpò.

Concepta wo ìta. Níwájú ilé kejì, àwọn mẹ́ta dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọkùnrin kan fi ẹ̀yìn ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀, wọ́n ń dúró de ìròyìn.

"Jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú díẹ̀," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Kí n tó gbé e lọ. Fidelma, ọmọ mi. Kí ilẹ̀ kàn ṣú díẹ̀."

Malachy ló dìde. Láti àárọ̀, èyí ni ohun àkọ́kọ́ tó ṣe láì jẹ́ pé wọ́n sọ fún un. Ó ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, ó sì dúró tì í, ó dì í mú fún un, fìlà rẹ̀ lọ́wọ́ kejì, bí èèyàn ṣe máa ń ṣe fún àlejò pàtàkì.

"Oṣù karùn-ún la wà, Mísísì Tighe," Fidelma wí. "Ilẹ̀ ò tíì ní ṣú."